Ta Ló Fọn Fèrè?

Ọjọ́ tí ajá wa gé ọmọ aládùúgbò jẹ, ó tó ẹni mẹ́ta tó pa òwe kan náà fún wa: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ò fèsì. Àmọ́ nígbà tó di òru, tí oorun kọ̀ tí kò wá, ìbéèrè kan ò jẹ́ ká gbádùn: ta ló tiẹ̀ fọn fèrè fún un?

Tọkọtaya ni wá. Software la ń kọ, inú ilé wa ní Akọ́bọ̀, n'Íbàdàn, la sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí olè fọ́ ilé kejì tí wọ́n kó laptop méjì lọ, a ní àwa náà á ra ajá. Ajá gidi, kì í ṣe bíńgò. A ra Rottweiler ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, a sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, torí òwe làwọn bàbá wa fi ń sọ ajá lórúkọ.

Ẹni tó tà á fún wa ní ká má jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn án, ká so ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, ká tú u sílẹ̀ lálẹ́, ká sì máa po ata mọ́ oúnjẹ ẹ̀ kó lè burú. Gbogbo ẹ̀ la ṣe, àfi ti ata. Àánú ò jẹ́.

Ohun tá a ò mọ̀ nìyí. Kò yẹ kí ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ pé eyín ń dunni: tó bá gé ọmọ ìyá ẹ̀ jẹ jù, ìyẹn á ké, eré á tán. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 lojú ẹ̀ ń là sáyé. Ohun tó bá rí nígbà yẹn tí kò pa á lára, ọmọdé, ọ̀kadà, agboòrùn, ìyá tó ru igbá, ẹ̀rù ẹ̀ kì í sábà bà á mọ́. Ògiri àti ṣéènì ni Tanímọ̀la rí.

Ìlú Rottweil ní gúúsù Jámánì ni irú ajá yìí ti gba orúkọ. Àwọn alápatà ló ń fi wọ́n da màlúù, tí wọ́n tún ń fi wọ́n fa kẹ̀kẹ́ ẹran. Ẹranko tí wọ́n bí fún iṣẹ́, tó lè wọn 50 kílò, òun la so mọ́ ìdí máńgòrò. Ìwà wọn ò dọ́gba o. Ajá Caucasian, àgùntàn ló ń ṣọ́ lọ́wọ́ ìkookò lórí òkè. Òun fúnra ẹ̀ ló ń pinnu, kì í dúró de àṣẹ. German Shepherd ní tiẹ̀, ẹnu olówó ẹ̀ ló ń wò. Àmọ́ tẹ́ ò bá fún èyíkéyìí nínú wọn níṣẹ́, á wáṣẹ́ fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ tí Tanímọ̀la wá ni kó máa lé ohun tó bá ń sáré.

Ọmọ ọdún 7 ló wá mú bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ṣéènì ti já. Ọmọ náà sáré.

A fi ọṣẹ àti omi fọ apá ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, a gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Màmá ẹ̀ ò bú wa. Ó kàn ní, "Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ lèyí." Èébú ì bá sàn. Lánlọ́ọ̀dù fún wa lóṣù kan. Àwọn kan ní ká tà á fún ẹlẹ́ran ajá.

Bàbá kan tó ti bá ajá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ rí ló gbà wá. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ajá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣọ́lé ni, sà."

"Ìyẹn kọ́. Láàárọ̀ yìí, kí lẹ jọ ṣe?"

A wojú ara wa.

Ó ní ká sọ fún un kó jókòó. Ọ̀kan nínú wa ní "sit", èkejì ní "jókòó". Bàbá rẹ́rìn-ín. Tá a bá kọ irú kóòdù yẹn níbi iṣẹ́, wọ́n á dá a padà fún wa. Láti ọjọ́ náà, "jókòó" ni. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú ègé gísáàdì: tó bá ṣe é, ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. A ń mú un rìn ní ìdájí àti lálẹ́, a ó sì dé e lẹ́nu. Kò sí ẹgba. Bàbá ní tẹ́ ẹ bá na ajá torí pé ó kùn, kùnkùn ló máa fi sílẹ̀, kì í ṣe ìbínú. Lọ́jọ́ mìíràn, á gé yín jẹ láìkìlọ̀.

Kọ̀ǹpútà, ohun tá a bá kọ nìkan ló ń ṣe. Ajá ń ka ohun tá ò mọ̀ pé à ń kọ. Oṣù 14 tá a fi so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ là ń kọ́ ọ.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Lánlọ́ọ̀dù ti rọlẹ̀. Tanímọ̀la ò di àgùntàn o. A kì í fi òun àti ọmọdé nìkan sílẹ̀, a ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Àpá ṣì wà lápá ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀lù tún já sọ́gbà wa. Ọmọ náà dúró lẹ́nu géètì, kò wọlé. A ní, "Jókòó." Ajá jókòó. A mú bọ́ọ̀lù lọ fún un.

"Ṣé ó ń gbọ́ Yorùbá ni?"

"Ó ń gbọ́ díẹ̀."

"Ẹ ní kó sọ pé pẹ̀lẹ́."

A ò lè kọ́ ajá nìyẹn. Àwa la bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, tá a sọ ọ́.