Eruku Ọyẹ́ ní Òkè-Ògùn, Eruku ní Máàsì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Òkè-Ògùn, kó dé ibẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní apá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí, ọ̀dàn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo rẹ̀. Láti Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, títí dé Ṣakí tí òkè àpáta yí ká, koríko á ti gbẹ, iná ìgbẹ́ á ti jó òmíràn mọ́lẹ̀. Igi emi tí a fi ń ṣe òrí àti igi igbá tí a fi ń ṣe irú ló máa ń kù tó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, nítorí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà. Ohun kan náà ló mú kí Máàsì pupa lójú ọ̀run.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 tí mo rin ọ̀nà yìí, ojú mi kan wà lójú títì, èkejì wà lórí fóònù, níbi tí mo ti ń ka ìròyìn ẹ̀rọ kan tó ń kú lọ lórí Máàsì. InSight ni orúkọ rẹ̀. Àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ló rán an lọ, ó sì gúnlẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Elysium Planitia ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018. Kì í rìn. Ojú kan ló jókòó sí, tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Faransé ṣe fún un gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tó lé ní 1,300, àwọn onímọ̀ sì ti ara wọn mọ bí inú Máàsì ṣe rí, láti èèpo dé àárín gbùngbùn.

Oòrùn ló ń bọ́ ọ, láti ara páńẹ́lì méjì tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dé, iná tí wọ́n ń mú wá lójúmọ́ tó 5,000 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Nígbà tó fi di ìdajì ọdún 2022, ó ti já sí nǹkan bí 500. Eruku ti bò wọ́n.

Ní Ìsẹ́yìn, mo yà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi sólà ṣáàjì fóònù fún àwọn ará àdúgbò. Àràárọ̀ ló ń gun àkàsọ̀ pẹ̀lú àkísà tútù.

“Ẹ̀gbọ́n, bí n kò bá nù ún fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì kò ní í kún mọ́.” Mo fi àwòrán InSight hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, “Ta ló ń bá wọn nu tiwọn lọ́hùn-ún?”

Mo ní kò sí. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé eruku ń bọ̀, ṣùgbọ́n ohun ìnulẹ̀ yóò mú ẹ̀rọ náà wúwo, yóò sì gbówó lé e. Páńẹ́lì ńlá ni wọ́n fún un, tí yóò tó o lo ọdún méjì. Ó lo mẹ́rin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n fi apá rẹ̀ bu yanrìn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́lì, kí atẹ́gùn lè gbá yanrìn náà kọjá lórí rẹ̀, kó sì gbá eruku lọ. Iná lé sí i díẹ̀.

“Yanrìn ni wọ́n fi ń nu eruku!” Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tí wọ́n ń retí gan-an ni ààjà. Atẹ́gùn àti ààjà ló ti nu páńẹ́lì Spirit àti Opportunity, àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú InSight, tí ẹ̀mí wọn fi gùn. Àwọn àgbà wa ní kí ọmọdé sá fún ààjà, kó má baà gbé e wọ inú igbó. Lọ́hùn-ún, ẹ̀bẹ̀ ni wọn ì bá fi pè é. Kò wá tó.

Ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá ni wọ́n gbúròó InSight kẹ́yìn. Nígbà tí NASA kéde òpin iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 21, mo ti dé Ṣakí. Eruku tí ọyẹ́ kó wá láti Sàhárà ti bo àwọn òkè lójú.

Òjò àkọ́rọ̀ yóò fọ eruku yẹn kúrò. Máàsì kò ní òjò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin Ìsẹ́yìn kò dúró de òjò. Sólà ló ń fa omi ní abúlé púpọ̀ báyìí, òun ló sì ń mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù. Bí ẹ bá rí tuntun lórí òrùlé ilé ìwòsàn kan, ẹ má béèrè iye tí wọ́n rà á nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.