“Terre” Kọ́ ni “Masse”

Ní ìgbà tí rédíò ondes moyennes ṣì jẹ́ ọ̀gá ní Kaboua, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí alùpùpù bá ti ń bọ̀, ìròyìn yóò dàrú. Kí a tó rí ẹni tí ń gùn ún, rédíò ti ń ké ṣà-ṣà-ṣà. Iná wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́ nínú bougie alùpùpù náà ni ó ń fọ́n ariwo sínú afẹ́fẹ́, tí rédíò sì ń gbé e bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni. Irú ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Paris ní ọdún 1934, tí ìgbìmọ̀ CISPR sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di òní ni ìgbìmọ̀ náà ń fi ìlànà lélẹ̀ nípa ìwọ̀n ariwo tí ẹ̀rọ iná lè pa. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni a fi gé CISPR kúrú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì ń lò ó bẹ́ẹ̀; èyí a máa dùn mọ́ èmi tí a fi Faransé kọ́ níwèé.

Ariwo kan náà ni ó ti wọ ilé iṣẹ́ báyìí. Ní ilẹ̀ Ṣábẹ wa, ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn àgbà ti kọ́kọ́ rí àpótí irin gàgàrà tí a fi ń darí iná ẹ̀rọ, èyí tí Faransé ń pè ní armoire électrique. Lónìí, kajú ni ọ̀rọ̀ kàn. Òfin ti de kíkó kajú tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní Benin láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé iṣẹ́ sì ń dìde ní Glo-Djigbé àti níbòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kajú àwọn bàbá wọn sì ń gorí ìwọ̀n tí iná ń darí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní físíìkì pè mí láti ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ní, “Ọ̀gá, ìwọ̀n wa ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí ẹ̀rọ ńlá bá dákẹ́, àpò kan jẹ́ 80 kílò. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí yí, a rí 79, a rí 81, kò dúró sójú kan.” Mo bi í pé kí ni wọ́n ti ṣe sí i. Ó ní wọ́n ti kan ọ̀pá bàbà mìíràn mọ́lẹ̀, wọ́n bu iyọ̀ àti èédú sí ìdí rẹ̀, ilẹ̀ sì ti dára: láti 60 ohm, ó ti wálẹ̀ sí 20. Ìwọ̀n kò gbọ́.

Ẹ̀yà kan wà nínú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tí ń sọ ìwúwo di iná, ṣùgbọ́n iná ọ̀hún kéré púpọ̀. Bí a bá fi fóòtì 10 bọ́ ọ, ohun tí ó sábà máa ń dá padà nígbà tí ẹrù kún orí rẹ̀ jẹ́ mìlífóòtì 20, ìyẹn ìdá kan nínú 50 ti fóòtì kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni variateur wà, èyí tí ń mú kí moteur sáré tàbí kí ó rọra. Variateur tí ń jẹ iná 400 fóòtì a máa kó nǹkan bí 560 fóòtì jọ sínú, a sì máa tàn án, a máa pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Títàn àti pípa kọ̀ọ̀kan ń pa ariwo bíi ti bougie alùpùpù.

Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí àwa ní ẹyọ kan. Terre ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Waya aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ń gbé iná tí ó bá ṣìnà lọ síbẹ̀ kí ó má bàa pa ènìyàn. Masse ni ara irin tí àwọn ẹ̀rọ dúró lé: àpótí, ilẹ̀kùn rẹ̀, awo irin ẹ̀yìn rẹ̀. “Ilẹ̀” ni àwọn ọmọ wa ń pe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré lọ gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí àìsàn wà nínú àpótí. Iṣẹ́ ilẹ̀ kò kéré o. Lórí ilẹ̀ olókùúta bíi ti Ṣábẹ, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó yẹ kí a máa wọ̀n ọ́n, nítorí pé bí a bá ń lo disjoncteur différentiel 500 mA, kò gbọdọ̀ kọjá 100 ohm. Ṣùgbọ́n ariwo variateur kò wá ilẹ̀ lọ. Ibi tí ó ti wá ni ó fẹ́ padà sí. Bí ara irin kò bá fún un ní ọ̀nà tí ó kúrú tí ó sì gbòòrò, yóò gba inú waya ìwọ̀n. Waya tí ó gùn ní mítà kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dí iná 50 hertz lọ́wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà kan yẹn ń dí i bí ohun tí ó ju 60 ohm lọ. Kí wá ni ọ̀pá tí ó wà ní mítà 15 sí ìta yóò ṣe fún un?

Mo ní kí ó ya fọ́tò inú àpótí ránṣẹ́. Waya ìwọ̀n àti waya moteur jọ sùn nínú goulotte kan. Aṣọ bàbà tí a hun yí waya ìwọ̀n ká ni wọ́n ti tú, tí wọ́n lọ́ di ìrù gígùn, tí wọ́n sì dè mọ́ awo irin tí ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀dà kì í gbé iná.

Wọ́n pa iná, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í, wọ́n dúró kí èyí tí ó kù nínú variateur tán, kí ó tó fọwọ́ kan nǹkankan. Ó ya waya méjèèjì sọ́tọ̀, ó fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn; níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ pàdé, ó mú kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Ó pààrọ̀ waya moteur sí èyí tí ó ní aṣọ bàbà, ó sì dè é ní orí méjèèjì. Ó ha ọ̀dà títí irin fi ń dán, ó fi ìdè irin gbá aṣọ bàbà ìwọ̀n mú yípo, láìlọ́ ọ ní ìrù mọ́. Ó fi waya róbótó tí ó so ilẹ̀kùn mọ́ àpótí sílẹ̀, ó sì fi tresse pẹlẹbẹ kún un. Tresse kan náà ni Faransé ń pe irun dídì, bí irun dídì gan-an sì ni bàbà yẹn rí.

Ọjọ́ Àìkú méjì ni ó fi ṣe é. Àpò kan di 80 kílò, ẹ̀rọ ìbáà máa yí, ìbáà dákẹ́. Ta ni ìwọ̀n yẹn ti ń rẹ́ jẹ ṣáájú? Nígbà mìíràn àgbẹ̀, nígbà mìíràn ilé iṣẹ́. Ariwo kò mojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ lè tún ẹrù wọ̀n. Àgbẹ̀ ti gba owó, ó ti padà sílé.

Nínú kíláàsì mi, mo ti ń pe terre ní “ilẹ̀”, mo sì ń pe masse ní “ara irin”. Àwọn ọmọ kan ní “egungun ẹ̀rọ” ni ó dára jù. N kò tíì gbà, nítorí pé ilẹ̀kùn kì í ṣe egungun. Bí ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ iná bá ní orúkọ mìíràn tí ẹ ti ń lò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa.