Kí Àmù Ti Kún

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo ṣí àkójọ ọ̀rọ̀ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí «?k??». Mo wo ìsàlẹ̀, mo tún rí «?k??» mìíràn. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, èkejì jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà. Aró ṣì jẹ́ aró, omi ṣì jẹ́ omi, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àmì ìbéèrè.

Oṣù méje ni mo fi ń tẹ̀ lé àwọn ìyá aláró kiri Abẹ́òkúta, tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ tàmì-tàmì. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti gboyè jáde ló bá wa to sáfà tí a háyà lórí cloud. Ó tẹ àṣẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́, kò sì kọ ìkankan sílẹ̀. Nígbà tí owó sáfà náà wọ́n jù, a kó lọ síbi tó dínwó. Èmi ni mo tún un tò. Mo rántí nǹkan tó pọ̀, mo gbàgbé ẹyọ kan. MySQL àtijọ́ ni mo lò, èyí tó ṣáájú ẹ̀dà 8.0 ti ọdún 2018. Bí o ò bá sọ fún un pé kó lo utf8mb4, latin1 ni yóò lò. latin1 ní é àti ò. Kò ní ẹ, ọ, ṣ. (Ta ló ro tiwa mọ́ ọn?) Kí n tó mọ̀, mo ti pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí lẹ́tà bá sì ti di àmì ìbéèrè báyìí, kò ṣeé yí padà.

Ohùn púpọ̀ ṣì wà lórí fóònù mi, mo tún wọn kọ. Ti ìyá kan ní Aké ni kò sí mọ́, torí fóònù mi kún nígbà náà, mo sì pa á rẹ́. Ìyá náà ti dolóògbé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fi Ansible hàn mí. Michael DeHaan ló gbé e jáde lọ́dún 2012, Red Hat sì rà á lọ́dún 2015. O máa kọ bí o ṣe fẹ́ kí sáfà rí sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní playbook, òun á gba SSH wọlé, á sì tò ó bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ sáfà mẹ́wàá.

Gírámà rẹ̀ ló mú mi. Àṣẹ ẹ̀gbọ́n wa dà bíi «Pọn korobá mẹ́ta sínú àmù.» Bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi á kún dànù. Ìyá àgbà mi kì í ka korobá fún wa. «Kí n tó tọjà dé, kí àmù yẹn ti kún o!» Ọmọ tó bá bá a ní kíkún, ìjókòó ló kàn. Bí Ansible náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: kí MySQL wà níbẹ̀, kí ó máa lo utf8mb4. Bí mo bá tún playbook kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, á kọ «changed=0» fún mi. «Kí» tí a jìyà lé lórí ní kíláàsì síńtáàsì nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún apá tí wọ́n ń pè ní shell nínú rẹ̀ o. Korobá nìyẹn máa ń kà ní tiẹ̀.

Playbook wa ti wà nínú àpamọ́ ẹ̀ka báyìí, ẹ̀yin 300 level lè tò ó fúnra yín. Orúkọ tí ìyá Aké fún irú aró kan ṣì wà nínú àkójọ náà, lẹ́tà mẹ́rin àti àmì ìbéèrè mẹ́ta. Mi ò tíì pa á rẹ́.