Fọ́tò Kún Ọwọ́ Mi, Àdúrà Màámi Bọ́

Tòmátì àti ata rodo ni mò ń tà ní Mile 12. Lọ́jọ́ tí a ṣe ọjọ́ ìbí màámi ní Kétu, èmi ni mò ń fi fóònù ya fọ́tò kiri: "Màámi, ẹ wo ibí! Ẹ rẹ́rìn-ín!" Wọ́n dìde, wọ́n ṣàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n papò dà. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi lé ní igba, ṣùgbọ́n n kò rántí ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà tèmi. Àbúrò mi tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ka tiẹ̀ bí ẹni ń kàwé.

Ọmọ mi ní ọ̀mọ̀wé kan l'Amẹ́ríkà, Linda Henkel, kọ nípa irú rẹ̀ ní 2014: àwọn tó ya fọ́tò nǹkan nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò rántí wọn tó bí wọ́n ṣe rántí èyí tí wọ́n kàn fojú wò.

Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má ya fọ́tò. Ẹ ya ẹyọ kan, kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Fọ́tò kì í ṣàdúrà.