Owó iwájú àti owó àárín

Ọ̀rọ̀ eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póka ni mo gbé wá lónìí. Kí àwọn àgbà má bínú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ta tẹ́tẹ́. Èmi fúnra mi kò fi owó ta á rí. Igi ìṣáná ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ta á nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni mí, ìṣirò kan sì wà nínú eré yẹn tí ó wúlò fún ẹni tó ń ra kajú, ẹni tó ń kọ́lé, àti ẹni tó ń dá àjọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ta á. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí káàdì márùn-ún sílẹ̀ ní àárín fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Kí wọ́n tó ṣí wọn, àti lẹ́yìn ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ lè fi owó sí àárín. Àwọn tó kù á san iye kan náà, tàbí kí wọ́n fi kún un, tàbí kí wọ́n da káàdì wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbàgbé owó tí wọ́n ti fi síbẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá dára jù ní ìparí ló ń kó gbogbo rẹ̀. Owó tó ṣì wà níwájú ènìyàn, tí kò tíì fi sí àárín, ni àwọn Faransé ń pè ní tapis. Èmi á máa pè é ní owó iwájú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé káàdì ni gbogbo eré náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í kọ́kọ́ wo káàdì. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé: ìlọ́po mélòó owó àárín ni owó iwájú mi? Ní 2007, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Matt Flynn, Sunny Mehta àti Ed Miller, gbé ìwé kan jáde tí ó fi ìwọ̀n yìí ṣe òpó ẹ̀kọ́ wọn. Orúkọ tí wọ́n fún un ni stack-to-pot ratio. Nígbà tí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti ṣí, ẹ fi owó àárín pín owó iwájú, ìwọ̀n náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé 1,000 wà ní àárín, tí 3,000 wà níwájú mi. Ìwọ̀n mi jẹ́ 3. Bí káàdì mi bá dára díẹ̀, mo lè bá a dé ìparí, nítorí ohun tí mo lè pàdánù kò jìnnà sí ohun tí mo lè jẹ. Ẹ wá gbé káàdì kan náà fún mi, kí 20,000 wà níwájú mi. Ìwọ̀n ti di 20. Ta ni yóò bá mi fi 20,000 sílẹ̀ nítorí 1,000 tó wà ní àárín? Ẹni tí káàdì rẹ̀ ju tèmi lọ ni. Káàdì kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí n ṣe ti yí padà. Owó tèmi nìkan sì kọ́ là ń wò o. Bí ẹni tí mo ń bá ta bá ní 2,000 péré, 20,000 tèmi kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Owó ẹni tó kéré jù ni a fi ń ṣe ìṣirò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, mo sì ti kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láì dárúkọ póka. 1,000 wà ní àárín. Mo fi 1,000 sí i, ìwọ náà fi 1,000 sí i: ó di 3,000. Lẹ́yìn náà kí a fi 3,000, 3,000 sí i: ó di 9,000. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 9,000, 9,000: ó di 27,000. Ohun tó jáde lápò ẹnì kan jẹ́ 1,000, 3,000 àti 9,000, àpapọ̀ rẹ̀ 13,000. Ẹni tó ní 4,000 níwájú lè dé ìgbésẹ̀ kejì, kò lè dé ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù 1,000 ń bà. Ṣùgbọ́n 1,000 yẹn ni ìyá 9,000. Nítorí náà, ìgbà tí owó àárín ṣì kéré ló yẹ kí ènìyàn ti mọ ibi tó ń lọ.

Mo rí ìṣirò yìí lójúkojú lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àbúrò ìyàwó mi máa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ó bá bàbá kan ṣàdéhùn lórí gbogbo èso oko rẹ̀, 600,000 sẹfà, ìsan mẹ́ta: 60,000 lójú ẹsẹ̀, 140,000 nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á, 400,000 nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wọ àpò. 450,000 ló ní. Ó rò pé àjọ á kan òun kí ìsan kẹta tó dé. Àjọ kò kàn án.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn ìsan kìíní, 60,000 wà ní àárín, 390,000 wà níwájú rẹ̀, ó ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ó lè fi ọwọ́ sílẹ̀ láì farapa púpọ̀. Lẹ́yìn ìsan kejì, 200,000 wà ní àárín, 250,000 ló kù níwájú. Kò lè padà, kò sì lè parí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá bá mi. Owó tó ń wá, 150,000, wà nílé lóòótọ́. Owó tí a tọ́jú kí ọmọbìnrin mi fi wọ Yunifásítì Parakou, kó sì fi gba yàrá, ni.

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi 200,000 sílẹ̀, mi ò lè jẹ́ kó ṣègbé.» Mo ní kó fi 200,000 yẹn sílẹ̀ ná, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ohun tó kù ni 400,000 tó fẹ́ san àti ohun tí yóò fi rà. Lọ́jọ́ náà, àpò kajú wọ̀nyẹn lè mú 680,000 wá. Bí ó bá tiẹ̀ já sí 500,000, 100,000 ni yóò pàdánù lórí gbogbo rẹ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ sílẹ̀, 200,000 ló lọ. Nítorí náà ìṣirò ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò ẹni tó ní 400,000 nìyẹn. 250,000 ni tirẹ̀, owó tó sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílé kì í ṣe owó iwájú ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀, èmi àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ sí oko bàbá náà. A bẹ̀ ẹ́ kí ó gba 250,000, kí ó fún wa ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àpò náà, kí ó ta ìyókù fún ẹlòmíràn. Òun náà ń wá owó, ó gbà. 60,000 ni àbúrò wa jèrè. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mi wọlé sí Parakou.

Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ le sí i nísinsìnyí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bénín ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè, kí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé bíi ti Glo-Djigbé lè máa rí i lò. Ẹni tí ọjà bá há mọ́ lọ́wọ́ kò lè sọ pé òun á gbé e sọdá ààlà. Ó yẹ kí owó iwájú yín tó dé ìsan ìkẹyìn kí ẹ tó san ti àkọ́kọ́.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni àbúrò ìyàwó mi ti ń béèrè iye ìsan ìkẹyìn kí ó tó mú owó kankan jáde. Ẹ̀yin ńkọ́, ní ọ̀dọ̀ tiyín, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nígbà tí owó bá ti wọlé tán, tí ìyókù kò sì tó?