Àṣìṣe Ọwọ́ Mi Ni, Kì í Ṣe ti Ọmọ Náà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́gbọ́n.

Òṣogbo ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo sì ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE kí n tó mú ẹfun lọ́wọ́. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmí nítorí pé òun ni ó tọ́ mi dàgbà, ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta sìmẹ́ńtì, irin àti páànù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kò ṣe é tà láìsí àwìn. Ẹni tí ó ń kọ́lé yóò kó àpò sìmẹ́ńtì lọ lónìí, yóò san díẹ̀ ní ìparí oṣù, yóò tún kó òmíràn. Ní ọdún 2021, oníbàárà 43 ni ó ń ra àwìn lọ́wọ́ Màmí.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe ìwé nígbà náà. Ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún 19, ọmọ tí ó mọ̀wé tí ó sì níwà. Bí ẹnikẹ́ni bá sanwó, òun ni yóò kọ rìsíìtì, yóò fi pépà káábọ̀nù sí abẹ́ rẹ̀, yóò fa ti òkè ya fún oníbàárà, ti abẹ́ yóò sì kù sínú ìwé. Ní ìparí oṣù, bí mo bá ti ilé-ìwé dé, èmi yóò jókòó, n ó máa da àwọn rìsíìtì náà kọ sínú ìwé gbèsè ńlá, ojú ewé kan fún oníbàárà kan. Màmí a sì máa fi mí yangàn láàrin ọjà pé, "Tíṣà ni ó ń bá mi ṣe ìṣirò. Ìwé tèmi kì í ṣì."

Alhaji méjì wà nínú àwọn oníbàárà náà tí orúkọ wọn kò yàtọ̀ rárá, bẹ̀rẹ̀ láti orí Alhaji títí dé orúkọ bàbá. Ọ̀kan ń kọ́lé ní Òkè-Fíà, èkejì ń kọ́lé ní Ìta-Olóòkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Alhaji Òkè-Fíà san 180,000 náírà fún ọmọ iṣẹ́ wa. Ọmọ náà gbé owó fún Màmí, ó sì kọ rìsíìtì, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ó kọ, kò kọ àdúgbò. Nígbà tí mo jókòó ní ìparí oṣù, oorun ti ń kùn mí, mo sì kọ owó náà sí ojú ewé Alhaji Ìta-Olóòkan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Màmí ránṣẹ́ sí Alhaji Òkè-Fíà pé kí ó wá san 310,000 náírà tí ó jẹ. Alhaji fárígá. Ó ní òun ti fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní 180,000, pé 130,000 ni ó kù. A ní kí ó mú rìsíìtì wá, kò rí i mọ́. A ṣí ìwé gbèsè, kò sí nǹkan kan ní ojú ewé rẹ̀. Ti rìsíìtì tí ó wà nínú ìwé, a ní ti Alhaji kejì ni. Ojú gbogbo wa sì yí sí ọmọ náà.

Ọmọ náà kò jà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú mi, ó ní, "Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé yẹn wò." Èmi olùkọ́, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n tún iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó fi sílẹ̀, mo dá a lóhùn pé ìwé tèmi kì í ṣì. Ọjọ́ náà ni Màmí lé e lọ sílé.

Ó di oṣù kẹta kí Alhaji Ìta-Olóòkan tó wá san gbèsè rẹ̀. Ó ka 240,000 náírà sí orí tábìlì. Màmí ṣí ìwé, ó ní, "Alhaji, 60,000 ni ó kù lọ́rùn yín." Alhaji ní rárá o, láti ìgbà Iléyá òun kò tíì san kọ́bọ̀, òun kò sì ní jẹ owó olówó. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìn lohùn, bí ó bá ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Ẹni tí a pè ní olè ní gbangba ọjà, báwo ni a ó ṣe ko orúkọ rẹ̀ jọ padà?

Nígbà tí mo wá fi ara balẹ̀, mo rí i pé ohun tí ó pa wá kì í ṣe oorun nìkan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé lágbájá san iye báyìí, à ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: nínú rìsíìtì, nínú ìwé gbèsè, àti nínú lẹ́tà tí à ń kọ sí àwọn tí ó jẹ gbèsè. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń da nǹkan kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni a ṣí fún àṣìṣe. Mo pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ó máa kọ ọ́, kí ẹ̀rọ máa ṣe ìyókù.

Ẹ má ṣe rò pé mo gbọ́ èdè tí àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ọ, a kò sì nílò rẹ̀. Nínú Google Forms, tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, mo ṣe fọ́ọ̀mù kan tí ó ní ìbéèrè mẹ́rin: ta ni ó san, èló ni, ọ̀nà wo ni ó gbà san án, ta ni ó sì gbà á. Orúkọ oníbàárà, a kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣe ni a ń yàn án láàrin àwọn tí a ti tò sílẹ̀, nọ́ńbà, orúkọ àti àdúgbò papọ̀. Alhaji Òkè-Fíà di nọ́ńbà 7, Alhaji Ìta-Olóòkan di nọ́ńbà 31. Bí Màmí bá ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ìlà tuntun kan yóò yọ nínú Google Sheets pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, láìsí pé ẹnikẹ́ni da nǹkan kan kọ. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SUMIF ni ó ń ro gbogbo owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti san pọ̀, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó jẹ.

Lẹ́tà gbèsè ńkọ́? Mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Microsoft Word, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, àdúgbò àti iye. Ní abẹ́ "Mailings", mo fi ìwé Excel tí orúkọ gbogbo oníbàárà wà nínú rẹ̀ hàn án, mo sì sọ ohun tí yóò bọ́ sí àyè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 43 jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà yìí kan náà ni mo fi ń ṣe ìwé èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí. Iṣẹ́ òru mẹ́ta di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Dan Bricklin jókòó nínú kíláàsì ní Harvard ní ọdún 1978, ó ń wo olùkọ́ tí ó ya ìṣirò sí ojú pátákó. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, olùkọ́ á pa á rẹ́, á sì tún gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e kọ. Bricklin rò ó pé kí pátákó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Òun àti Bob Frankston sì ṣe VisiCalc jáde ní ọdún 1979, èyí tí ó ṣáájú Excel.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ kò ní làákàyè. Ní oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí gbèsè tí ó pọ̀ jù wà lókè, mo sì tún òpó iye owó nìkan tò, mo gbàgbé òpó orúkọ. Gbèsè gbogbo wọn kúrò ní ìdí ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀rọ kò bi mí léèrè. Ó tẹ lẹ́tà 43 jáde, gbogbo wọn rèǹtè-rente, gbogbo wọn irọ́. Màmí, tí kò mọ kọ̀ǹpútà, ni ó mú lẹ́tà kan, ó ní, "Tíṣà, ìyá yìí kò jẹ mí ní 200,000 rí láyé." Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹnì kan ni yóò pa lára, bí ẹ̀rọ bá ṣì, gbogbo ọjà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ìwé rìsíìtì nù, nítorí fọ́ọ̀mù kò ní lọ bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi orúkọ àti gbèsè oníbàárà hàn fún ẹni tí kò kàn. Òfin wà lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Kí ẹ̀rọ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ àwọn oníbàárà kà á.

Ní ti ọmọ náà, èmi àti Màmí lọ bẹ bàbá rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní iwájú àwọn ará ilé wọn pé èmi ni mo ṣì í kọ. Wọ́n dárí jì wá, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe, ó ní ibẹ̀ ti bá òun lára mu. Owó tí Màmí ìbá fi ṣe fríìdọ́ọ̀mù fún un, ó kó o fún un pátá.

Títí di òní, kí n tó tẹ lẹ́tà kankan jáde, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé yẹn wò." Mo sì máa ń tún un wò.