Ẹja Tó Kú Sómi

Ìyá ẹja àrọ̀ ńlá kan ni mo gbé láti Bódìjà lọ sí Challenge fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó fẹ́ kí ó yé ẹyin. Mo rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, mo sì dé e pinpin. Kí a tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹja ti kú.

“Àbúrò mi, omi ló pa á.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ pé ẹja kú sómi rí? Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni.

Òótọ́ ni ó sọ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́. Bí atẹ́gùn inú omi bá tán, òkè ni ó ń yọjú sí. Èmi kò fi àyè sílẹ̀ fún un.

Fún èkejì, a kò fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, kí ìgbẹ́ má baà ba omi jẹ́. Mo gé orí kẹ́ẹ̀gì, omi ibùgbé rẹ̀ kàn bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni, mo fi àpò tútù bò ó, mo sì gbéra ní ìdájí.

Ní Challenge, ó fi ìrù da omi sí mi láṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.